Ẹ̀rọ Tó Dákẹ́ Nítorí Àlejò

Nínú ilé Akínbọ̀dé ní Rundle, àdúgbò kan ní Calgary ní Canada, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ igbó. "Ewé Mummy" ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, ẹ ó rò pé ewúro ni tàbí efinrin, nǹkan tí èèyàn ń gbìn sẹ́yìnkùlé nítorí inú rírun. Igbó ni o. Igi mẹ́rin, iye tí òfin gba agbo ilé kan láyè láti gbìn, ló wà nínú basement wọn, yàrá abẹ́ ilé, láti ìgbà tí snow ṣì bo gbogbo òpópónà, lábẹ́ iná funfun kan tí Tófúnmi, ọmọbìnrin wọn, gbé wá. Akínbọ̀dé ló ń bomi rin wọ́n kó tó lọ síbi iṣẹ́. Bó bá bomi rin wọ́n tán, á fọwọ́, á tún un fọ̀, á wá gbóòórùn ìka rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́. Akínbọ̀dé kì í ṣe ọmọ ìta. Ẹnjiníà ni, ilé iṣẹ́ tó ń fi páìpù gbé epo rọ̀bì ló ń bá ṣiṣẹ́, àwọn mítà tó ń wọn ooru àti agbára epo ló sì wà níkàáwọ́ rẹ̀. Nínú ìjọ wọn ní Forest Lawn, alàgbà ni, òun ló máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ ìsinmi tí yóò máa bọ àwọn èèyàn lọ́wọ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ kan tó ń tẹ dùùrù fún ẹgbẹ́ akọrin, Ọpẹ́ lorúkọ rẹ̀, wọlé pẹ̀lú òórùn igbó lára kóòtù. Akínbọ̀dé ló gbóòórùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, òun ló gbé ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ìjọ, òun náà ló sọ lójú ìyá ọmọ náà pé ilé Ọlọ́run kì í ṣe ibùba àwọn amugbó. Ọpẹ́ ò wá mọ́ láti ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ sì ń jókòó sí ìlà ẹ̀yìn. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá ti balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́.

Rẹ̀mílẹ́kún ìyàwó rẹ̀ ló ni ewé. Jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́mú rẹ̀ ti wọ egungun. Àwọn dókítà ti sọ tẹnu wọn: àwọn ò lè lé e lọ mọ́, ìrora nìkan ni àwọn lè máa bá a dín kù. Oògùn tí wọ́n fún un ń pa ìrora lóòótọ́, àmọ́ bó ṣe ń pa ìrora ló ń pa Rẹ̀mí náà. Á sùn láàárọ̀, á sùn lọ́sàn-án. Bó bá jí, á máa bá ìyá rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀, á máa béèrè ẹni tí Tófúnmi jẹ́. Oúnjẹ kì í dúró nínú rẹ̀. Obìnrin tó jẹ́ pé tó bá ti dé àwùjọ, ẹ̀rín á bẹ̀rẹ̀, tó lè sín pásítọ̀ jẹ títí pásítọ̀ fúnra rẹ̀ á fi rẹ́rìn-ín, ó wá di ẹni tí wọ́n ń yí sọ́tùn-ún sósì lórí bẹ́ẹ̀dì bí ìrọ̀rí.

Tófúnmi ló kọ́kọ́ dá ewé lábàá. Canada ni wọ́n bí i sí, nọ́ọ̀sì ni, kò rí ohun ìtìjú kankan níbẹ̀. Ó ra oríṣiríṣi ní ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó kọ́kọ́ rà mú kí àyà Rẹ̀mí máa já, òmíràn mú un sunkún láìnídìí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ọ̀kan tó bá a lára mu. Wọ́n sè é sínú òróró àgbọn, wọ́n ń kán an sínú ògì rẹ̀. Kò pẹ́ tí Rẹ̀mí fi béèrè ẹja. Ó dìde jókòó, ó jẹ ẹja, ó ní ẹni tó sè é ò mọ iyọ̀ ọ́ fi sí ọbẹ̀. Akínbọ̀dé tó sè é wọ bátrúùmù lọ, ó sunkún ayọ̀ níbẹ̀. Wọ́n dín oògùn tó ń mú un sùn kù. Rẹ̀mí padà di Rẹ̀mí.

Ayọ̀ náà ò tọ́jọ́. Àwọn tó ń gbin oríṣi ewé yẹn fún títà pa á tì. Wọ́n wá a dé Airdrie, ìlú tó múlé gbè wọ́n, wọn ò rí i ní ṣọ́ọ̀bù kankan mọ́. Orí ló bá wọn ṣe é tí ẹnì kan níbi iṣẹ́ Tófúnmi ní igi rẹ̀ nílé, tó gé ẹ̀ka fún un láti gbìn. Ìyẹn ló di igi mẹ́rin inú basement. Òróró tó ṣẹ́ kù nínú ìgò ni Rẹ̀mí ń lò, wọ́n ń ṣọ́ ọ lò bí ìgbà tí epo bá wọ́n lọ́jà, títí igi yóò fi gbó. Dókítà ò rò pé yóò rí ìgbà tí snow tún máa bọ́. Rẹ̀mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ ọkọ rẹ̀.

"Mi ò bẹ̀rù àtilọ," ó ní. "Kí n ṣáà mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ mi títí n ó fi lọ. Ẹ má jẹ́ kí n fi oorun lo ìyókù."

Akínbọ̀dé ṣèlérí fún un. Ó fọwọ́ sọ́yà.

Igi gbó nínú oṣù June. Ẹni tó bá gbé Calgary mọ̀ pé ìlú gbígbẹ ni. Ètè a máa bó, imú a máa ṣẹ̀jẹ̀, aṣọ tí èèyàn fọ̀ láàárọ̀ á ti gbẹ kó tó jẹun ọ̀sán. Ṣùgbọ́n June ló ni òjò, òjò ọdún náà sì ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Basement tutù rin. Tófúnmi ṣàlàyé fún bàbá rẹ̀ pé ewé yìí ò dà bí ewé tí èèyàn lè sá sóòrùn. Bó bá yára gbẹ jù, agbára rẹ̀ á lọ. Bó bá wà nínú ọ̀rinrin, á bu, ẹni tí ara rẹ̀ ti rọ bíi ti Mummy ò sì gbọdọ̀ fẹnu kan ohun tó bu, torí ara rẹ̀ ò lágbára àtibá a jà. Ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni kí wọ́n gbẹ ẹ́, nínú òkùnkùn, kí dehumidifier sì máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru.

Akínbọ̀dé lọ ra ẹ̀rọ náà ní ilé ìtajà Sunridge. Àpótí funfun kan ni, ó ní táyà lẹ́sẹ̀, ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́, ó ń dà á sínú ike kan tó wà níkùn rẹ̀. Akínbọ̀dé so ẹ̀ka ewé rọ̀ sórí okùn nínú yàrá kékeré tí wọ́n máa ń kó àpótí ìrìn-àjò sí, ó gbé mítà kékeré tó ń ka ọ̀rinrin kọ́ ara ògiri, ó yí ẹ̀rọ sí márùndínlọ́gọ́ta bí ọmọ rẹ̀ ṣe wí. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kó tó bọ́ bàtà, ó ti dé ìsàlẹ̀. Á da omi inú ike nù, á wo mítà. Mítà kì í yẹ̀. Bàbá yìí ti ń wọn nǹkan fún àwọn olówó epo láti ìgbà tó ti di géńdé, kò sì sí èyí tó dùn mọ́ ọn nínú tó èyí.

Ilé ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi. Ihò tí ooru máa ń gbà láti basement gòkè wá gba abẹ́ yàrá Rẹ̀mí kọjá, bí ẹ̀rọ bá sì ń kùn nísàlẹ̀, ó máa ń gbọ́ ọ. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ó dà bí ẹni tó ń gbàdúrà jẹ́ẹ́jẹ́ láìfi ti ọrẹ ṣe. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Òórùn ewé náà ń gba ihò yẹn gòkè, àmọ́ àwọn nìkan ló wà nílé, ta ló kàn?

Ó wá di pé Tófúnmi ní láti lọ sí Edmonton fún ẹ̀kọ́ kan tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ rán an lọ. Kó tó lọ, ó di bàbá rẹ̀ lápá mú nínú basement.

"Daddy, promise me. Whatever happens, don't turn it off. Just empty the bucket and let it run."

Akínbọ̀dé fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé òun ló fẹ́ kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń wo mítà. Ọmọ wọ mọ́tò, ó gba ọ̀nà àríwá lọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni Deaconess Yéjídé pè. Deaconess ni olórí ẹgbẹ́ àdúrà, obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi oore. Kò sẹ́ni tó bímọ nínú ìjọ tí kò bá a wẹ ọmọ, kò sẹ́ni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ tí kò gbé oúnjẹ lọ fún. Ó ní ó ti ń dun àwọn pé àwọn ò ṣe tó fún Sister Rẹ̀mí. Ẹgbẹ́ àdúrà ti pinnu láti gbààwẹ̀ fún un, kí àwọn sì máa wá gbàdúrà nílé wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Òun fúnra òun á gbé báàgì wá, òun á sì dúró tì í títí ààwẹ̀ á fi parí. "Brother Akínbọ̀dé, ẹ má worry," ó ní. "A ò ní fi yín sílẹ̀. Ẹ̀yin náà á lè rest díẹ̀."

Kí ni kó wí? Nílùú tí èèyàn lè kú sínú ilé kí aládùúgbò rẹ̀ máa rò pé ó rìnrìn àjò, ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, ta ló ń sọ fún ẹni tó fẹ́ wá kí aláìsàn pé kó má wá? Ta ló bí onítọ̀hún? Akínbọ̀dé dúpẹ́, ó tún dúpẹ́, ó gbé fóònù sílẹ̀, òógùn sì bò ó.

Imú àwọn àlejò ló kọ́kọ́ rò. Ó jáde síta, ó wọlé padà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ó fa afẹ́fẹ́ símú, igbó sì kí i káàbọ̀. Ó ṣí fèrèsé, òjò ń ta wọlé. Ó dín ẹja gbígbẹ, ó da irú sínú epo gbígbóná, ó wá fọ́n lọ́fíńdà lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ilé wá ń rùn bí ibi tí igbó, irú àti lọ́fíńdà ti wọ̀yá ìjà, igbó ló sì ń dá gbogbo wọn. Ìgbà yẹn ló sọ̀kalẹ̀ lọ bá ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń gbé òórùn gba ihò lọ sókè. Ó tún ń kùn, ẹni tó bá sì sùn sí yàrá àlejò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á béèrè ohun tó ń kùn. Ibẹ̀ sì ni Deaconess máa sùn.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé fúngbà díẹ̀ ni. Bí wọ́n bá gbàdúrà tán tí wọ́n lọ, òun á tan án padà. Ó nawọ́, ó pa ẹ̀rọ. Ó fi téèpù dí ihò tó wà nínú yàrá náà, ó ká táwẹ́ẹ̀lì sí abẹ́ ilẹ̀kùn, ó tì í, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò. Mo ti sọ pé ẹnjiníà ni. Ó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí omi tí kò rọ́nà lọ. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì ṣe é.

Wọ́n dé pẹ̀lú òjò lára. Wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé kúlà oúnjẹ sórí tábìlì, wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì Rẹ̀mí ká. Ẹnì kan ní òun ń gbóòórùn irú, inú òun dùn pé wọ́n ṣì ń jẹun gidi nínú ilé yìí. Rẹ̀mí ti lo òróró rẹ̀, orí rẹ̀ pé, ojú rẹ̀ dá. Ó ń ṣe Àmín, ó sì ń bá wọn ṣàwàdà pé kí wọ́n rọra pariwo, Ọlọ́run ò dití. Inú wọn dùn gan-an. Wọ́n ní ẹ wò ó, ara ti ń yá, àdúrà ti ń ṣiṣẹ́. Akínbọ̀dé tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri mọ ohun tó ń ṣiṣẹ́, ó sì mọ bó ṣe ṣẹ́ kù tó nínú ìgò. Òun náà ṣe Àmín.

Àwọn yòókù lọ, Deaconess dúró. Ó sùn sí yàrá àlejò, bí ẹ bá lè pe tirẹ̀ ní oorun. Abiyamọ tó ti tọ́ ọmọ púpọ̀ ni. Ẹyẹ ò lè bà lórí òrùlé kó má gbọ́. Ìgbàkígbà tí Akínbọ̀dé bá fẹsẹ̀ kan àtẹ̀gùn, ohùn rẹ̀ á dìde nísàlẹ̀ pé ṣé kò sí. Á ní kò sí, omi lòun fẹ́ mu. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí Deaconess bá gòkè wá wẹ Rẹ̀mí, tó ń di irun orí rẹ̀ tó ti fọ́nká, tó ń fi ìpara ra ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bó, àwọn mìíràn á ti dé, bàtà á ti kún ẹnu ọ̀nà. Ó tún béèrè pé kí ló wà nínú yàrá tí wọ́n tì pa yẹn. Akínbọ̀dé ní àpótí ìrìn-àjò ni àti àwọn pàǹtírí àtijọ́.

Ọjọ́ kan, ó rí àyè. Deaconess wà ní bátrúùmù. Akínbọ̀dé sọ̀kalẹ̀ bí olè nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń san owó rẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn yàrá náà, ọ̀rinrin sì rọ́ lù ú lójú. Òórùn náà ti yàtọ̀. Ó ti ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká nígbà tí kò tíì gbẹ. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ pé ó tan án níbẹ̀, bóyá mi ò ní ní ìtàn láti sọ. Agogo ẹnu ọ̀nà dún, ó gbọ́ ohùn àwọn ará ìjọ, ó yára ti ilẹ̀kùn, ó tún ká táwẹ́ẹ̀lì sábẹ́ rẹ̀.

Tófúnmi ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láti Edmonton: ṣé ó ń ṣiṣẹ́, kí ni mítà ń sọ? Akínbọ̀dé á dá a lóhùn pé ó ń ṣiṣẹ́, pé márùndínlọ́gọ́ta ni. Ọkùnrin tí kò purọ́ mítà rí láyé rẹ̀, tó jẹ́ pé nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe fọkàn tán an níbi iṣẹ́, ń purọ́ mítà fún ọmọ bíbí inú rẹ̀.

Rẹ̀mí náà béèrè. Deaconess wà ní kíṣìnnì, ó ń rẹ́ ilá. Rẹ̀mí rọ ohùn sílẹ̀, ó ní òun ò gbọ́ kí ẹ̀rọ máa kùn mọ́. Akínbọ̀dé ní ó ń kùn, òjò ni ò jẹ́ kó gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ wò ó. Wọ́n ti jọ gbé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé irọ́ ò lè gba àárín wọn kọjá kó má fara kan wọn. Àmọ́ Deaconess wọlé pẹ̀lú àwo, Rẹ̀mí sì kí i kú iṣẹ́.

Nígbà tó yẹ kí ààwẹ̀ parí, Deaconess ní ó wá sí òun lọ́kàn pé kí àwọn fi kún un, nítorí bí ara Sister Rẹ̀mí ṣe ń gbé pẹ́ẹ́lí. Akínbọ̀dé ṣe Àmín. Ó lè sọ òtítọ́. Ó rò ó. Ó fojú inú rí ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìjọ, kí ìyá Ọpẹ́ máa bọ̀ wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn láti kékeré. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ohun tí èèyàn ń ṣe bó bá di pé ìyàwó rẹ̀ ló fẹ́ fi ra orúkọ náà.

Ọjọ́ tí Deaconess di báàgì rẹ̀ ni Tófúnmi dé. Bàbá ti sáré tan ẹ̀rọ, ó ti ya téèpù kúrò, ó ti kó táwẹ́ẹ̀lì, bí ẹni pé ewé lè gbàgbé. Ọmọ ò tilẹ̀ bọ́ kóòtù kó tó sọ̀kalẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ó gbóòórùn, ó fọwọ́ bo imú. Ó já ìdì ewé kan lórí okùn, èyí tó tóbi jù, tó dára jù lójú. Ó fi èékánná là á sí méjì. Inú rẹ̀ ti di eérú, irun funfun ti hù sí i bíi ti búrẹ́dì tí wọ́n gbàgbé sínú ọ̀rá. Ó la òmíràn. Ó tún la òmíràn. Bákan náà ni gbogbo wọn.

"Daddy, you said it was on."

Akínbọ̀dé ní kí wọ́n gé ibi tó bu kúrò, kí wọ́n sè é kó jinná dáadáa, iná á pa ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀. Ìyá tirẹ̀ ní Ṣakí máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí gbọ̀dọ̀ iṣu tí òjò bá pa. Á ha á, á tún un sá, á lọ̀ ọ́ ní èlùbọ́, wọ́n á sì jẹ ẹ́. Tófúnmi mi orí. Ó ní èyí kì í ṣe gbọ̀dọ̀, ara Mummy ò sì rí bí ara àwọn tó ń jẹ èlùbọ́ yẹn. Bí wọ́n bá fún un, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ lọ. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, bó ṣe ń bá àwọn ẹbí aláìsàn sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn ló sì dun bàbá rẹ̀ jù. Wọ́n lè tún gé ẹ̀ka gbìn, àmọ́ bí wọ́n bá gbìn ín lọ́jọ́ yẹn gan-an, snow á ti dé kó tó gbó.

Ó wá béèrè ìdí. Nígbà tí Akínbọ̀dé sọ ọ́ fún un, ọ̀rọ̀ náà ò kọ́kọ́ yé e.

"Because of the smell?" ó ní. "Because of church people?"

Tófúnmi jókòó sórí àtẹ̀gùn basement, nínú kóòtù rẹ̀, ó sunkún. Lẹ́yìn náà, ó dìde, ó kó gbogbo ewé náà sínú àpò dúdú, Akínbọ̀dé sì gbé e lọ sínú ike pàǹtírí tó wà lẹ́yìn ilé. Kò bìkítà mọ́ bóyá aládùúgbò ń gbóòórùn rẹ̀.

Rẹ̀mí ò gbà kí wọ́n purọ́ fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó rí ojú ọmọ rẹ̀, ó ti mọ̀. Ó ní kí Tófúnmi bọ́ síta, kí ọkọ òun jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Daddy Tófúnmi, ta lẹ̀ ń sá fún?"

Akínbọ̀dé ní òun rò pé wọn ò ní pẹ́ lọ ni. Ó ní òun rò pé bí òun bá tan án padà, kò ní tíì bàjẹ́.

"Ẹ̀ bá ti jẹ́ kí wọ́n gbóòórùn ẹ̀," Rẹ̀mí ní. "Kí wọ́n lé wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ló fẹ́ kú ni, àbí èmi?"

Akínbọ̀dé dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ọkọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó, ó fi iwájú kanlẹ̀, kò sì sí èyí tí ìyẹn yí padà nínú ohun tó ti bàjẹ́. Rẹ̀mí ní kó dìde, kó lọ pe Tófúnmi wọlé, nítorí ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ bá ọmọ òun sọ pọ̀, òróró ò sì pọ̀.

Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ títí ìgò fi gbẹ. Akínbọ̀dé máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti pálọ̀, á sì jókòó síbi tó wà, nítorí kò dá a lójú pé wọ́n ń retí rẹ̀. Tófúnmi wá oríṣi ewé mìíràn wá, ó kán díẹ̀ fún ìyá rẹ̀, Rẹ̀mí sì fi ọwọ́ di ògiri mú tó ń pariwo pé ilé ń ṣubú. Wọn ò tún dán an wò mọ́. Ìrora dé, wọ́n ṣí ike oògùn, wọ́n fún un bí dókítà ṣe kọ ọ́, lẹ́yìn náà wọ́n fi kún un. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Oorun gbé e lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹja ò wù ú mọ́, ògì ò wù ú mọ́. Ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn ìyẹn ni orúkọ àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, Deaconess Yéjídé bọ́ síwájú ìjọ láti jẹ́rìí. Ó ní gbogbo wọn mọ ohun tí ojú Sister Rẹ̀mí ti rí. Ó ní nígbà tí òun lọ dúró tì í, ara rẹ̀ ò balẹ̀, kì í sùn, ọ̀rọ̀ ló ń sọ ṣáá. Ṣùgbọ́n òun lọ kí i lánàá, òun bá a tó ń sùn bí ọmọ ọwọ́, kò kérora, kò sunkún. Ọlọ́run ti fún un ní ìsinmi. Ìjọ hó yèè. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àdúrà dìde dúró, omijé ń bọ́ lójú àwọn mìíràn nínú wọn, omijé òtítọ́ sì ni. Deaconess na máìkì sí Akínbọ̀dé.

Ó gbà á. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀, láti orí ewé dé orí ẹ̀rọ dé orí ilẹ̀kùn tó tì. Ó wo ojú wọn, ojú àwọn tó wẹ ìyàwó rẹ̀, tó gbé oúnjẹ wá nínú òjò. Ó rò pé bí òun bá sọ ọ́, yóò di pé oore wọn ló pa ewé náà, kò sì rí ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́ tí kò ní já sí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni àwáwí tó fún ara rẹ̀. Òdodo ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà á síbẹ̀.

"Ẹ bá mi dúpẹ́," ó ní. "Ó ń sùn dáadáa."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí ó fi padà dé ìjókòó rẹ̀.

Nígbà tó délé, Tófúnmi ti múra iṣẹ́, ó ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní Mummy ti jí, pé ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan tí ojú rẹ̀ ti wà ní ṣíṣí, kí Daddy tètè lọ bá a kó tó tún sùn. Akínbọ̀dé ò dúró bọ́ bàtà. Ó wọ yàrá náà pẹ̀lú kóòtù ìsìn lọ́rùn, ó tẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀dì, ó mú ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ tó ti fúyẹ́. Rẹ̀mí yí ojú sí i. Ó wò ó dáadáa, láti orí dé kóòtù, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí èèyàn máa ń rín sí àgbàlagbà tí kò mọ̀ rí.

"Ẹ káàbọ̀ sà," ó ní. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá kí mi."

Akínbọ̀dé ní òun ni. Ó ní Akin ni, ọkọ rẹ̀ ni. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó tẹ ọwọ́ rẹ̀. Rẹ̀mí mi orí, ó gbà fún un bí wọ́n ṣe ń gbà fún àlejò.

"Ọkọ mi ò sí nílé," ó ní. "Àmọ́ ẹ jókòó dè é. Kò ní pẹ́ dé."

Akínbọ̀dé fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó, ó ní ara á yá.